Ẹ Sọ Òwò Yín Bí Alájọ Ṣe Ń Sọ Tirẹ̀

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ alájọ. Ó dé iwájú ṣọ́ọ̀bù yín láàárọ̀, ó kí yín, ó ní: "Ẹ máa fún mi ní 500 náírà lójoojúmọ́. Tó bá di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ẹ ó gba 15,000. 500 tó kù ni tèmi." Ó parí. Ẹ ti mọ ohun tí ẹ ó ṣe, ẹ mọ iye tí ẹ ó gbà àti ọjọ́ tí ẹ ó gbà á, ẹ sì ti mọ ibi tí alájọ ti ń jẹun. Òwò yìí náà ni Alphaeus Táíwò Olúnàíkè, tí gbogbo wa mọ̀ sí Alájọ Ṣómólú, ṣe nígbà ayé rẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ fi di ohun tí a fi ń júwe ẹni tí orí rẹ̀ pé.

Ọ̀pọ̀ wa tó ń ṣòwò ní Abuja ni kò lè sọ tiwa bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn pátákó tó wà lẹ́bàá títì. Orúkọ ilé-iṣẹ́ á gùn gbọọrọ, wọ́n á wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé àwọn ń kó ọjà wọlé, àwọn ń kó o jáde, àwọn sì jẹ́ agbaṣẹ́ṣe ohun gbogbo. Tí ẹ bá ń wá ẹni tí yóò bá yín rán aṣọ tàbí ẹni tí yóò ta sìmẹ́ńtì fún yín, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni kí ẹ yà sí.

Orúkọ méjì la fẹ́ fi sọ́kàn. Ọ̀rọ̀ ṣókí tí èèyàn fi ń sọ òwò rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ni wọ́n ń pè ní pitch. Ìfihàn òwò la ó máa pè é níhìn-ín. Ẹni tó fẹ́ fi owó rẹ̀ sínú òwò yín kó lè pín nínú èrè ni wọ́n ń pè ní investor. Olùdókòwò la ó máa pe òun.

Oníbàárà la ó kọ́kọ́ tọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ ká ní oúnjẹ lẹ ń sè tà ní Jahi, ní Abuja. Àwọn Gbagyi ló kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, àmọ́ lónìí ilé tuntun ló yí abúlé náà ká. Ẹ ó rí bíríkìlà, awakọ̀, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì àti onílé, wọ́n ń sọ Gbagyi, Hausa, Ìgbò, Yorùbá àti Pijin. Ebi ló pa gbogbo wọn pọ̀ lọ́sàn-án. Tí ẹ bá kọ ọ́ sí pátákó pé "ilé ìpèsè oúnjẹ ìgbàlódé tó dára jù lọ," kí ni bíríkìlà tó wà lórí àkàbà fẹ́ fi ṣe? Ẹ wá gbọ́ èyí: "Ìrẹsì tàbí àmàlà gbígbóná, a máa gbé e dé ibi iṣẹ́ yín ní Jahi kí aago kan tó lù. Abọ́ kan, 2,500 náírà." Ohun tí ẹ ń tà wà níbẹ̀, ibi tí yóò dé wà níbẹ̀, àkókò wà níbẹ̀, owó náà wà níbẹ̀. Ẹni tí kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá rárá, tí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ fún un, kò ní béèrè ohunkóhun mọ́ ju pé kí ẹ gbé tirẹ̀ wá.

Ẹ kíyè sí i pé a kò dárúkọ ọdún tí ẹ bẹ̀rẹ̀, a kò sì sọ irú sítóòfù tí ẹ ń lò. Ẹni tó ń kiri àgbàdo mọ̀ pé ẹni tó ń kọjá lọ kò ní dúró, nítorí náà "gbígbóná" ló ń ké, kì í ké orúkọ oko tó ti rà á. Ohun tí oníbàárà yóò rí gbà ni kó ṣáájú. Ìtàn yín lè dé nígbà tó bá ti jẹun yó.

Tí òwò yín bá jẹ́ ohun tuntun tí ojú kò rí rí ńkọ́? Ẹ so ó mọ́ ohun tí àwọn èèyàn ti mọ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015, obìnrin kan sọ lórí Twitter pé òun ti ń ju 1,000 náírà sínú kólò onípákó lójoojúmọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Somto Ifezue, Ọdúnayọ̀ Ewéniyì àti Joshua Chibueze, tí wọ́n jáde ní Covenant University ní Ọ̀tà, rí ọ̀rọ̀ náà. Lọ́dún 2016 wọ́n gbé Piggybank.ng jáde. Orúkọ náà fúnra rẹ̀, kólò ni lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Kólò tó wà lórí fóònù" ti tó láti fi yé ìyá ẹni. Nígbà tí wọ́n fi ìdókòwò kún un, wọ́n yí orúkọ náà padà sí PiggyVest lọ́dún 2019. Lójú tèmi, orúkọ àkọ́kọ́ yẹn ṣe iṣẹ́ tó ju ìpolówó olówó ńlá lọ.

Ó wá kan olùdókòwò. Gbólóhùn kan náà lẹ ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun náà ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Àmọ́ ìbéèrè tirẹ̀ ni èyí tí alájọ dáhùn kẹ́yìn: níbo lẹ ti ń jẹun? Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú iye: "Abọ́ 40 là ń tà lójúmọ́. 2,500 là ń ta ọ̀kan, 1,900 la fi ń sè é tí a fi ń gbé e lọ. 600 ló ń kù, ìyẹn 24,000 lójúmọ́. Èèyàn 15 míràn máa ń pè tí ọwọ́ wa kì í tó wọn, torí alùpùpù kan la ní. Owó alùpùpù kejì là ń wá." Ó lè ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ pé 9,000 ni yóò máa kún èrè lójúmọ́, kí a tó yọ owó awakọ̀ tuntun. Ẹ má fi èyí tó lè bà á jẹ́ pamọ́: gáàsì lè wọ́n, òjò lè dá oúnjẹ dúró lọ́nà. Tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu yín, yóò gba ìyókù gbọ́.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ níhìn-ín, torí ọ̀rọ̀ ṣókí lè jẹ́ ọ̀fìn. MMM, ètò kan tí àwọn èèyàn ń kó owó sí, náà sọ tirẹ̀ ní ṣókí: ẹ mú owó wá, ẹ ó gba èrè 30 nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Ó yé ọmọdé, ó yé àgbà. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni òwò tí owó náà ti ń jáde wá. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, wọ́n ti owó àwọn ará Nàìjíríà mọ́lé. Ìfihàn òwò tí kò sọ orísun èrè kò tíì parí, bó ti wù kó dùn létí tó.

Ohun kan ṣì kù tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé: ẹni tí ẹ bá sọ̀rọ̀ kọ́ ló sábà máa ń dá ìpinnu ṣe. Oníbàárà yóò sọ ọ́ fún ọ̀gá rẹ̀, olùdókòwò yóò sọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ni owó, ẹ ò sì ní sí níbẹ̀. Nítorí náà, gbólóhùn yín gbọ́dọ̀ lè dá rìn. Nígbà tí Shola Akinlade àti Ezra Olubi mú Paystack lọ sí Y Combinator ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2016, ilé-iṣẹ́ olùdókòwò tó máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò ni wọ́n bá pàdé. Àmọ́ sísọ òwò wọn kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá: àwọn ń jẹ́ kí oníṣòwò gba owó lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lọ́dún 2020, ilé-iṣẹ́ Stripe rà wọ́n ní owó tí ìròyìn ní ó lé ní 200 mílíọ̀nù dọ́là.

Lálẹ́ òní, ẹ kọ gbólóhùn méjì sílẹ̀, ọ̀kan fún oníbàárà, ọ̀kan fún olùdókòwò. Láàárọ̀ ọ̀la, ẹ kà á fún aládùúgbò tí kò mọ nǹkan kan nípa òwò yín, kí ẹ sì ní kó tún un sọ fún yín lọ́sàn-án. Tí ohun tó sọ bá yàtọ̀ sí tiyín, ẹ má bá a jà. Ẹ tún un kọ.