Bí omi ṣe ń pa irúgbìn àgbàdo kó tó hù

Àwa tá à ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó mọ omíyalé dáadáa. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń gbin àgbàdo sí Erékùṣù Èkó níbí, ọkọ̀ ló ń kó o wá bá wa. Torí náà, omi tó bo oko lónìí, owó ẹ̀kọ àti ògì la ó ti rí i lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Lọ́dún 2022, omíyalé pa èèyàn tó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì bo oko lọ súà, pàápàá létí odò Ọya àti Bẹ́núé.

Kí ni omi ń ṣe fún irúgbìn gan-an? Ṣebí omi náà ló ń mú un hù? Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ hóró tún nílò afẹ́fẹ́, torí ó ń mí bíi tiwa. Tó bá ti mu omi, á sọ oúnjẹ inú ẹ̀ di ṣúgà, á wá fi ọ́síjìn sọ ṣúgà náà di agbára tó fi ń ta gbòǹgbò. Tí omi bá bo ilẹ̀, á lé afẹ́fẹ́ kúrò láàárín iyẹ̀pẹ̀. Ìwọ̀nba tó kù, àwọn kòkòrò àìfojúrí á lò ó tán láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Ni ṣúgà inú hóró bá ń kan bí ẹmu. Agbára tó ń tibẹ̀ jáde ò tó nǹkan, hóró á rọ̀, á sì jẹrà. Tí ilẹ̀ bá gbóná, ọjọ́ méjì sí mẹ́rin ti tó láti pa ọ̀pọ̀ hóró àgbàdo.

Ti ìrẹsì yàtọ̀. Lábẹ́ omi, kì í kọ́kọ́ ta gbòǹgbò. Ọ̀mùnú ẹ̀ ló ń nà sókè bíi sítírọ́ọ̀ tá a fi ń mu mínírà, títí á fi kan afẹ́fẹ́. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo irú ìrẹsì ló lè ṣe é dáadáa. Kódà FARO 66 àti FARO 67 tí wọ́n mú jáde nítorí omíyalé, ẹ̀yìn tí wọ́n bá ti hù ni wọ́n ń fara da omi tó bò wọ́n.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní oko létí odò Ògùn, lọ́nà Ìṣẹri, ẹ kọ ebè gíga kẹ́ ẹ tó gbin àgbàdo. Tí omi bá ti fà, ẹ hú hóró mélòó kan wò. Èyí tó bá rọ̀, tó ń rùn kíkan, ti kú nìyẹn. Ẹ tètè tún un gbìn kí òjò tó lọ.