Wọ́n Ní Òògùn Náà Wo Eku Sàn: Báwo Ló Ṣe Kan Ọmọ Wa?

Kò sí òbí ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde, àrùn tí ọ̀pọ̀ ń pè ní síkùsẹ́ẹ̀lì, tí kò tí ì rí irú àtẹ̀jíṣẹ́ yìí gbà rí: “Ìròyìn ayọ̀! Àwọn onímọ̀ ti rí ìwòsàn!” Ní oṣù tó kọjá nìkan, mẹ́ta irú rẹ̀ ló wọlé sórí fóònù mi. Bí ènìyàn bá fara balẹ̀ ka ìròyìn náà dé ìsàlẹ̀, ìgbà mìíràn ni yóò tó rí i pé eku ni wọ́n wò sàn, kì í ṣe ènìyàn.

N kò kọ àpilẹ̀kọ yìí láti fi eku ṣe yẹ̀yẹ́. Lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, eku ti ṣe gudugudu méje àti yààyàà mẹ́fà fún ọmọ ènìyàn. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò ni ibi tí ẹ̀rí eku dé, àti ibi tí kò dé.

Ọ̀rọ̀ náà kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní Nàìjíríà, nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló ní jẹ́nótáìpù AS. Bí AS bá fẹ́ AS, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní ló lè di ọmọ SS, ìdá kan nínú mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé àrùn yìí wà lára ohun tó ń pa àwọn ọmọ tí àwọn baba wa ń pè ní àbíkú, tí wọ́n fi ń sọ ọmọ ní Málọmọ́, Dúrójayé àti Kòsọ́kọ́. Wọ́n ní àbíkú sọ olóògùn dèké. Òbí tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti bá kì í pẹ́ gba ìròyìn ìwòsàn gbọ́, a kò sì lè bá a wí.

Ìyá gbogbo ẹ̀jẹ̀

Inú mùdùnmúdùn eegun ni ara wa ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì pupa ènìyàn a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́, nítorí náà ara kò gbọdọ̀ dẹ́kun àti máa ṣe tuntun. Ibo ni wọ́n ti ń ṣẹ̀ wá?

Ní ọdún 1961, ní ìlú Toronto ní Kánádà, James Till àti Ernest McCulloch fi ìtànṣán alágbára ba ohun tí ń ṣe ẹ̀jẹ̀ jẹ́ lára àwọn eku kan, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ fa mùdùnmúdùn eku mìíràn sí wọn lára. Lẹ́yìn ọjọ́ bíi mẹ́wàá, kókó kéékèèké hù lára ọlọ inú àwọn eku náà, èyí tí í ṣe ẹ̀yà ara kan ní apá òsì ikùn. Bí mùdùnmúdùn tí wọ́n fà sí i ti pọ̀ tó ni kókó ń pọ̀ tó. Ní 1963, ìwádìí mìíràn fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ló bí odidi kókó kan. Báyìí ni ẹ̀rí ṣe fara hàn pé sẹ́ẹ̀lì ìyá wà, tí ń bí onírúurú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀.

Orí ìmọ̀ yìí ni ìpààrọ̀ mùdùnmúdùn eegun dúró lé, èyí tí ilé ìwòsàn ìkọ́ni Yunifásítì ìlú Bìní ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2011.

Eku tí ó gbé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn

Eku fúnra rẹ̀ kì í ní fòníkú-fọ̀ladìde. Ní 1997 ni ẹgbẹ́ onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní California, èkejì ní Alabama, mú jíìnì tí eku fi ń ṣe èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kúrò, wọ́n fi ti ènìyàn tó ní àrùn náà rọ́pò. Sẹ́ẹ̀lì eku wọ̀nyí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ bí dòjé, ẹ̀jẹ̀ wọn gbẹ, ọlọ inú wọn wú.

Ara irú eku bẹ́ẹ̀ ni a ti dán àbá pàtàkì kan wò. Ọmọ inú oyún ní irú èròjà pupa kan tí kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tẹ̀. Lẹ́yìn ìbí ni ara máa ń pa á tì. Jíìnì kan tí ń jẹ́ BCL11A wà lára ohun tó ń ti ìlẹ̀kùn yẹn. Ní 2011, ẹgbẹ́ Stuart Orkin ní Boston pa jíìnì náà lẹ́nu mọ́ lára eku, àmì àrùn náà sì kásẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí Casgevy, ìtọ́jú tí a gbé ka ọgbọ́n yìí. Amẹ́ríkà tẹ̀ lé e ní oṣù kejìlá. Iye tí wọ́n dá lé e ní Amẹ́ríkà ni dọ́là mílíọ̀nù 2.2 fún ẹnì kan. Àwọn àgbà ní òògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Èyí tí a fowó ṣe tó báyìí kò tilẹ̀ tí ì dé ẹ̀yìn ààrò ọ̀pọ̀ wa.

Níbi tí ẹ̀rí eku ti yà

Òògùn voxelotor, tí orúkọ ọjà rẹ̀ ń jẹ́ Oxbryta, dára lára eku: sẹ́ẹ̀lì pupa wọn pẹ́ sí i, títẹ̀ rẹ̀ sì dín kù. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní 2019. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ilé-iṣẹ́ Pfizer kó o kúrò lọ́jà káàkiri àgbáyé, nítorí àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka sí i pé ìrora àti ikú lè pọ̀ sí i láàárín àwọn tó ń lò ó.

Òdìkejì rẹ̀ ni ti hydroxyurea. Nínú ìwádìí kan tó jáde ní 2010, kò ṣe eku oní-síkùsẹ́ẹ̀lì ní oore, ṣe ló dín ẹ̀jẹ̀ wọn kù. Bẹ́ẹ̀ ènìyàn ti ń jẹ oore rẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Nígbà tí a fún àwọn ọmọdé ní Àǹgólà, Kóńgò, Kẹ́ńyà àti Ùgáńdà, àbájáde tó jáde ní 2019 fi hàn pé ìrora, ibà àti ikú dín kù. Bí a bá ti fi ẹnu eku nìkan ṣe ìdájọ́, à bá ti da òògùn yìí nù.

Kò yani lẹ́nu. Sẹ́ẹ̀lì pupa eku kì í lò ju nǹkan bí 40 ọjọ́ lọ. Eku àgbà ṣì ń fi ọlọ inú rẹ̀ ṣe ẹ̀jẹ̀, ti ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀. Inú àgò tó mọ́ tónítóní ni ó sì ń gbé. Kò sí ẹ̀fọn níbẹ̀, kò sí ibà, kò sí òòrùn tí ọmọ ń fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ẹ̀kọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ìròyìn bá dé, ẹ béèrè: ara ta ni wọ́n ti dán an wò? Bí ó bá jẹ́ ènìyàn, àwọn mélòó ni, fún ìgbà wo? Ǹjẹ́ àjọ NAFDAC mọ̀ nípa rẹ̀? Títí ìdáhùn yóò fi dé, ẹ má ṣe dá òògùn tí dókítà kọ fún ọmọ dúró: fólíìkì ni o, òògùn ìdènà ibà ni o. Bí ọmọ kò bá tí ì máa lo hydroxyurea, ẹ bi dókítà rẹ̀ bóyá ó yẹ ẹ́. Kì í ṣe òògùn tí a ń rà lọ́wọ́ oníkiri, nítorí a gbọ́dọ̀ máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò bí ó ti ń lò ó.

Láti orí kókó ara eku Toronto dé orí ìtọ́jú ọdún 2023, ọdún 62 ni. Ìmọ̀ ń rìn, kò dúró. Ṣùgbọ́n ọmọ tí egungun ń dùn ní òru òní kò lè dúró dè é. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa nísinsìnyí ni kí a kọ́kọ́ fi tọ́jú rẹ̀.