Ṣé O Mọ̀ Pé Apààyàn Ló Ri Àgbélébùú Yẹn Mọ́lẹ̀?

Ṣé o mọ̀ pé apààyàn ló sanwó púpọ̀ nínú àwọn àgbélébùú òkúta tó wà lẹ́bàá ọ̀nà ní ìgbèríko Jámánì? Láyé àtijọ́, bí ẹnì kan bá pààyàn, òun àti ẹbí òkú lè jókòó parí ọ̀rọ̀ náà. Apààyàn á san owó ìtánràn, á ra àbẹ́là fún ṣọ́ọ̀ṣì, á sanwó Máàsì fún ọkàn ẹni tó kú, á sì ri àgbélébùú mọ́lẹ̀, nígbà mìíràn níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ gan-an, kí ẹni tó bá ń kọjá lè gbàdúrà fún òkú. Wọ́n tilẹ̀ gbẹ́ idà tàbí àáké sára àwọn kan. Ní 1532, òfin Ọba Karl Karùn-ún gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lé ìjọba lọ́wọ́, àṣà náà sì rọlẹ̀.

Ní Bretagne, ní Faransé, kì í ṣe ìpànìyàn, àjàkálẹ̀ àrùn ló fà á. Ó jà ní Plougastel ní 1598. Àwọn tó yè é gbé àgbélébùú ńlá kalẹ̀ láàárín 1602 sí 1604, pẹ̀lú ère tó tó 180. Kókó wà kiri lára òpó rẹ̀. Wọ́n ní kókó tí àrùn náà ń sọ sára èèyàn nìyẹn. Ti Guimiliau, ní Bretagne kan náà, ní ju 200 ère lọ. Ìtàn Jésù ló kún ibẹ̀, ẹni tí kò mọ̀wé á fojú kà á. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, àwọn ẹ̀mí èṣù ń wọ́ ọmọbìnrin kan lọ sí ọ̀run àpáàdì. Katell Gollet ni. Kò sí nínú Bíbélì. Inú ìtàn ẹnu àwọn ará Bretagne ló ti wá. Ijó ló fẹ́ràn ju ẹ̀mí ara rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ará wa tó ń gba Charing Cross kọjá ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣé ẹ mọ̀ pé ilẹ̀ ọ̀fọ̀ lẹ ń tẹ̀? Olorì Eleanor kú nítòsí Lincoln ní 1290. Gbogbo ibi tí wọ́n sùn sí bí wọ́n ti ń gbé òkú rẹ̀ bọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ni ọkọ rẹ̀, Ọba Edward Kìíní, ní kí wọ́n kọ́ àgbélébùú sí, méjìlá lápapọ̀. Mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù. Ilé aṣòfin ló ní kí wọ́n wó ti Charing ní 1647. Èyí tó wà níwájú ibùdókọ̀ báyìí, ti 1865 ni.

Kristẹni ló wó o. Ó ń dùn mí, torí kì í ṣe ibẹ̀ nìkan. Ní Ruthwell, ní Scotland, àgbélébùú kan wà láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹjọ, tó ga ju mítà márùn-ún lọ. Ewì wà lára rẹ̀, igi àgbélébùú fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, tó ń ròyìn bó ṣe gbé Kristi. Ewì kan náà wà nínú ìwé àtijọ́ kan ní Vercelli, ní Ítálì! Ní nǹkan bí 1642, nípa àṣẹ ìjọ, wọ́n fọ́ ọ: wọ́n ní òrìṣà ni.

Àfọ́kù rẹ̀ wà nílẹ̀ ju 150 ọdún lọ kí Pásítọ̀ Henry Duncan tó ṣà á jọ, tó tún un tò, tó sì gbé e ró sínú ọgbà rẹ̀ ní 1823. Ní 1887 wọ́n gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní láti gbẹ́ ilẹ̀ kí ó tó gbà á. Ṣé o sì mọ̀ pé Duncan yìí náà ló dá bánkì ìfowópamọ́ sílẹ̀ fún àwọn tálákà ní abúlé yẹn ní 1810? Sísì kan ti tó láti bẹ̀rẹ̀.