Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ Púlì Onírọ́bà Iwájú Ẹ́ńjìnnì Yín

Láti Ìjù dé Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, kò ṣọ̀wọ́n kí ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yá owó láti fi ra ọkọ̀ tàbí láti fi tún un ṣe. Ọkọ̀ yìí ní í kó kòkó, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sí ọjà, òun náà ní í pa owó tí a fi ń san gbèsè. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá lè ba ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ kan àpò ẹgbẹ́.

Àwọn kan máa ń gba onímọ́tò nímọ̀ràn pé kí ó yọ púlì wíwúwo tó wà níwájú ẹ́ńjìnnì, kí ó fi èyí tó fúyẹ́ sí i, kí ọkọ̀ lè máa sáré, kí ó sì máa gun òkè geere. Ìdáhùn wa ni pé bí púlì náà bá jẹ́ onírọ́bà, ẹ má ṣe gbà. A ó ṣàlàyé ìdí rẹ̀.

Kí ni púlì yìí?

Nínú ẹ́ńjìnnì ni ọ̀pá irin ńlá kan wà tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní kíráńkì. Òun ni àwọn písítìn ń tì yí, òun náà ni agbára ń gbà dé táyà. Ní orí kíráńkì níwájú, níbi tí bẹ́líìtì ń gbà, ni púlì yìí wà. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i pé kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Irin kan wà láàárín tí a dè mọ́ kíráńkì, òrùka irin wíwúwo yí i ká lóde, rọ́bà ló sì so àwọn méjèèjì pọ̀.

Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?

Ẹ má rò pé nítorí pé kíráńkì jẹ́ irin, kò lè lọ́. Nígbàkígbà tí epo bá gbiná nínú sílíńdà, písítìn a gbá kíráńkì bí ọmọ odó ṣe ń gbá iṣu. Kíráńkì a lọ́ díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn méjì bá ń fún aṣọ tútù, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ a sì tún nà padà. Bí ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 6 bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 9,000 ni a ó gbá a láàárín ìṣẹ́jú náà.

Ẹ wo ọmọdé tó wà lórí jangirọ́fà. Bí ẹ bá ń tì í ní àsìkò tó yẹ gẹ́lẹ́, ìtì kékeré á máa gbé e ga sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíráńkì. Bí ẹ́ńjìnnì bá yí dé ìwọ̀n kan, ìgbá písítìn á bá lílọ́ àti nínà rẹ̀ ṣe déédéé, ìgbọ̀n náà á sì di ńlá. Òrùka wíwúwo inú púlì kì í fẹ́ bá a gbọ̀n. Rọ́bà ni yóò máa fà síhìn-ín sọ́hùn-ún, yóò gba agbára ìgbọ̀n náà, yóò sì sọ ọ́ di ooru.

Bí a bá yọ ọ́, kò sí ohun tí yóò gba ìgbọ̀n náà mọ́. Wáyà tí a ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn kì í já lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, yóò já. Bẹ́ẹ̀ ni kíráńkì ṣe ń kán. Kí ó tó kán pàápàá, ó lè ti ba béárìn jẹ́, ó sì lè ti tú bólítì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20, nígbà tí àwọn ará Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ́ńjìnnì onísílíńdà 6, kíráńkì wọn gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìgbọ̀n yìí sì fojú wọn rí màbo. Frederick Lanchester wà lára àwọn ẹnjiníà tó ṣe ohun tí yóò máa pa á. Kíráńkì gígùn ló nílò rẹ̀ jù, bí i ti lọ́rì Mercedes 911, tí sílíńdà rẹ̀ 6 tò sórí ìlà kan.

Èrè wo ló wà nínú yíyọ rẹ̀?

Òtítọ́ ni pé bí púlì bá fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì lè tètè ké sókè díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi agbára kan kún iná tó ń jó nínú sílíńdà. Lọ́rì tó kó kòkó kò ní tìtorí rẹ̀ gun òkè ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ sáré ìdíje pàápàá máa ń fi òmíràn tí a ṣe fún irú eré bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀ ni, wọ́n sì ń tú ẹ́ńjìnnì wọn yẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Ta ni nínú wa ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọkọ̀ tó ń ná Ìjù sí Àkúrẹ́? Bí ọkọ̀ bá ń wúwo lórí òkè, ẹ yẹ asẹ́ afẹ́fẹ́, púlọ́ọ̀gì tàbí nọ́súlù rẹ̀ wò, kí ẹ sì dín ẹrù kù.

Àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré kan wà tó jẹ́ pé irin kan ṣoṣo ni ilé-iṣẹ́ tó ṣe wọ́n fi síbẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Bí rọ́bà rẹ̀ bá gbó ńkọ́?

Ooru àti ọ́ìlì máa ń ba rọ́bà jẹ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà kan láti irin àárín dé òrùka ìta. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bí ìlà náà kò bá ṣe déédéé mọ́, òrùka ti ń yọ̀ nìyẹn. Bí rọ́bà bá sán, tàbí tí púlì ń mì bó ti ń yí, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ pátápátá. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà jó irin méjèèjì pọ̀, nítorí bákan náà ló rí pẹ̀lú yíyọ ọ́. Kí wọ́n má sì fi òòlù gbá a.

Ohun tó kan ẹgbẹ́

Bí kíráńkì bá kán, ọkọ̀ á dúró, owó ojoojúmọ́ á dúró, ṣùgbọ́n gbèsè kò ní dúró. Onígbọ̀wọ́ ni a ó yíjú sí. Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ tó fọwọ́ sí owó àtúnṣe, kí wọ́n béèrè ohun tí mẹkáníìkì fẹ́ yọ, ìdí tó fi fẹ́ yọ ọ́, àti ohun tó fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Bó bá jẹ́ nítorí eré nìkan ni, kí wọ́n má fọwọ́ sí i. Bó bá jẹ́ pé rọ́bà ló gbó, kí wọ́n tètè fọwọ́ sí i, nítorí owó púlì kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnnì.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin akọ̀wé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sí etí ìgbọ́ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé yín tó ń bọ̀.