Ẹ JẸ́ KÁ MỌ̀: Líìgì wo ló yẹ ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù ní Yúróòpù?

Kì í ṣe owó nìkan ni ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù máa ń wò kó tó yan líìgì tó kàn.

1. Ọjọ́ orí: Òfin FIFA kò gbà kí ẹgbẹ́ Yúróòpù ra ọmọ Áfíríkà tí kò tíì pé ọdún 18, àfi nítorí ìdí díẹ̀, bíi kí àwọn òbí rẹ̀ kó lọ síbẹ̀ fún ohun tí kò kan bọ́ọ̀lù.

2. Ìwé àṣẹ iṣẹ́: Máàkì ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń díwọ̀n àjèjì. Wọ́n ń wo bó ṣe ń gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti bí líìgì tó ti ń bọ̀ ṣe lágbára tó. Jámánì kò fi gbèdéke sí iye àjèjì tí ẹgbẹ́ lè ní. Ní Netherlands, òfin ló sọ iye owó tó kéré jù tí wọ́n lè san fún ẹni tó wá láti òde European Union, owó ọ̀hún sì ga ju agbára ẹgbẹ́ kékeré lọ.

3. Àǹfààní láti gbá bọ́ọ̀lù: Ẹ wo Victor Osimhen, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Nàìjíríà: ó lọ sí Wolfsburg ní 2017, kò fi bẹ́ẹ̀ rí àyè gbá bọ́ọ̀lù, kò sì gbá góòlù kankan wọlé nínú líìgì Jámánì. Charleroi ní Bẹ́ljíọ̀mù yá a ní 2018, ó gbá 20 wọlé. Lille ní Faransé rà á ní 2019, Napoli ní 2020. Ní 2023, Napoli gba ife líìgì Ítálì, Osimhen ló sì gbá góòlù wọlé jù nínú líìgì náà.

4. Èdè: Ẹni tí kò gbọ́ èdè kóòṣì á pẹ́ kó tó mọwọ́ eré.

Líìgì tí ọ̀dọ́ ti ń rí bọ́ọ̀lù gbá ló sàn jù, bí orúkọ rẹ̀ tilẹ̀ kéré. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ̀dọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù.