Orúkọ Yorùbá ní Òde Ọ̀run

Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ ya àwòrán ilẹ̀ kan ni ó sábà máa ń pinnu orúkọ tí aráyé yóò fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí Clapperton dé olú ìlú Aláàfin ní 1826, Katunga ni ó kọ sínú ìwé rẹ̀, bí àwọn Hausa ti ń pè é. Ọ̀yọ́ ni àwọn ọmọ ìlú ń pe ìlú wọn. Èkó náà di Lagos lẹ́nu àwọn Potogí, orúkọ náà kò sì kúrò lára rẹ̀ títí di òní.

Ní ti òde ọ̀run, ẹgbẹ́ àgbáyé ti àwọn onímọ̀ ìràwọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní 1919, ni ó ń fọwọ́ sí orúkọ. Oríṣi orúkọ tí ibì kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ ti wà ní ìpinnu. Io, ọ̀kan nínú àwọn òṣùpá tí ń yí Júpítérì ká, kún fún òkè tí ń yọ iná, nítorí pé ìfà Júpítérì ń fún un, ó sì ń tú u sílẹ̀ láìsinmi, títí inú rẹ̀ fi gbóná. Orúkọ àwọn òrìṣà iná, oòrùn àti àrá ni wọ́n ń lò níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni Shango Patera wà. Patera ni àwo tí kò jinlẹ̀ ní èdè Látìn. Orúkọ náà yẹ ibẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n òfin ẹgbẹ́ náà kan náà ni ó sọ pé a kò gbọdọ̀ lo orúkọ tí ó jẹ mọ́ ẹ̀sìn, bí ẹni pé kò sí adóṣù Ṣàngó mọ́ ní Ọ̀yọ́, ní Kúbà àti ní Bràsíìlì!

Lórí Rhea, òṣùpá Sátọ́nì, kòtò kan ń jẹ́ Obatala, nítorí pé ìtàn ìṣẹ̀dá ni wọ́n fi ń sọ ibẹ̀ lórúkọ. Lórí Ceres, ayé kékeré tí ó wà láàrin Máàsì àti Júpítérì, tí ọkọ̀ Dawn ti Amẹ́ríkà dé ní 2015, kòtò kan ń jẹ́ Yalode. Ìbú rẹ̀ tó 260 kìlómítà, ó tó ìlọ́po méjì ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ náà pè é ní òrìṣà Dàhómì tí àwọn obìnrin ń bọ nígbà ìkórè. Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní rántí Ìyálóde, oyè olórí àwọn obìnrin, tí a sì fi ń ki Ọ̀ṣun nílé àti ní Kúbà.

Òfin náà tún sọ pé àmì orí lẹ́tà jẹ́ apá kan orúkọ, a kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́. A pa á mọ́ fún Dürer, ayàwòrán ará Jámánì, tí kòtò kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ lórí Mercury. Ìhòòhò ni ti Yorùbá wà. Oba lásán lè jẹ́ ọba, ó sì lè jẹ́ Ọbà, aya Ṣàngó. Ta ni yóò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ nínú Obatala? Ní ti Yalode, àní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ gan-an ti bọ́ sọnù.

Bí àwòrán ibi tuntun ti ń dé ni ẹgbẹ́ náà ń gba àbá orúkọ tuntun. Orúkọ tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí kì í tètè yí padà, nítorí náà ẹni tí yóò fi orúkọ Yorùbá ránṣẹ́ ní láti kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.