Òṣòdì Tápà, Ọ̀gágun Orí Ọ̀sà

Ní ọdún 1914, Souchon, ọ̀gágun orí omi kan láti ilẹ̀ Jámánì, kó ọkọ̀ ogun méjì lọ sí olú-ìlú ilẹ̀ Tọ́kì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi í ṣe olórí gbogbo ọkọ̀ ogun Tọ́kì, ó sì bá Rọ́ṣíà jà lábẹ́ àsíá tí kì í ṣe ti baba rẹ̀. Bí èyí bá ya akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu, kí ó mọ̀ pé ọ̀sà tiwa ti rí irú rẹ̀ ṣáájú.

Òṣòdì kì í ṣe ọmọ Èkó. Tápà ni, gẹ́gẹ́ bí orúkọ rẹ̀ ti fi hàn. Ọmọdé ni nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Ọba Òṣìnlókun, agboolé ọba ni ó sì gbé dàgbà. Wọ́n rán an lọ sí Brazil, ó gbọ́ èdè Potogí, ó sì mọ òwò àwọn òyìnbó dunjú. Òwò ẹrú ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kò yẹ kí á fi í pamọ́. Nígbà tí Ọba Akítóyè fẹ́ kí Kòsọ́kọ́, ọmọ Òṣìnlókun, padà wálé láti Wídà, Òṣòdì ni ó rán lọ mú un wá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1845, nígbà tí ìjà dé láàárín àwọn méjèèjì, ẹ̀yìn Kòsọ́kọ́ ni Òṣòdì wà. Akítóyè sá, Kòsọ́kọ́ jọba, Òṣòdì sì ni balógun rẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851 àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbógun ti Èkó, a sì lé wọn padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá wọ́n tún dé. Àwọn ará Èkó ti ri òpó igi mọ́ etí omi, wọ́n sì ti to àgbá sí ẹ̀yìn odi. Teazer, ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ elééfín náà, há sórí iyanrìn, àgbá sì ń rọ̀jò lé e. Ọjọ́ kejì ni rọ́kẹ́ẹ̀tì àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá iná sí ìlú, kí ni òrùlé koríko lè ṣe sí i? Kòsọ́kọ́ àti Òṣòdì kó àwọn ènìyàn wọn sínú ọkọ̀, wọ́n gba orí ọ̀sà lọ sí ìhà ìlà-oòrùn.

Awùjalẹ̀ ni ó gbà wọ́n, ó sì fún wọn láyè ní Ẹ̀pẹ́. Ẹni tí ó bá di Ẹ̀pẹ́ mú ti di ọ̀nà omi láàárín Ìjẹ̀bú àti Èkó mú, Òṣòdì sì mọ èyí. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1853 wọ́n gbógun lọ sí Èkó, ṣùgbọ́n wọn kò lè gbà á. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sí Ẹ̀pẹ́ láti bá wọn ṣe àdéhùn. Kòsọ́kọ́ jẹ́wọ́ pé òun kò ní du oyè Èkó mọ́, òun yóò sì jáwọ́ nínú òwò ẹrú. Gẹ̀ẹ́sì náà gbà pé tirẹ̀ ni èbúté Palma. Ẹni tí a fi iná lé nílùú ni a tún wá ń bá dúnàádúrà yìí!

Ní ọdún 1862, lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti gba Èkó, wọ́n jẹ́ kí wọ́n padà. Ibi tí Òṣòdì tẹ̀ dó sí pẹ̀lú àwọn tí ó ti Ẹ̀pẹ́ bá a wá ni à ń pè ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, agboolé 21 ni ó sì wà níbẹ̀. Ó kú ní ọdún 1868, ọdún mẹ́rin ṣáájú Kòsọ́kọ́. Àwọn tí kò bá a padà ń bẹ ní Ẹ̀pẹ́ títí di òní. Èkó-Ẹ̀pẹ́ ni à ń pè wọ́n, Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ sì ni àwọn onílẹ̀ tí ó gbà wọ́n.